Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà? Ìtàn Ìpamọ́ Ìwé Òwò Kéékèèké ní Àdúgbò Ìkẹjà àti Agége

1. Ìfáàrà

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ọrọ̀-ajé àdúgbò Ìkẹjà àti Agége, ọ̀rọ̀ oko kòkó, ọ̀nà ọkọ̀ ojú-irin àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó sábà máa ń gba iwájú. Ibi tí àwọn oníṣòwò àdúgbò náà ń kó ìwé wọn pamọ́ sí kì í sábà jẹ yọ nínú ìtàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwé òwò kì í ṣe ohun kékeré. Inú rẹ̀ ni gbèsè wà, inú rẹ̀ ni orúkọ oníbàárà wà, inú rẹ̀ náà ni ẹ̀rí wà bí ọ̀ràn bá dé kóòtù. Oníṣòwò tí ìwé rẹ̀ sọnù lè ní ọjà nínú ilé kí ó má sì mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó.

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ọ̀nà ìpamọ́ tuntun kan ti gbòde, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní cloud. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni ìkùukùu. Dípò kí ilé-iṣẹ́ kékeré tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ó wà lórí tábìlì ọ̀gá, yóò háyà àyè nínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn, yóò sì máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń polówó rẹ̀ ni pé àdánù ìwé ti di ohun ìgbàgbé: iná kì í jó ìkùukùu, olè kì í fọ́ ọ, àgbàrá kì í sì í gbé e lọ.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìtàn àdúgbò yìí kò ti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Láti ayé alájọ tí ń fi orí rántí ìṣirò títí dé ayé ilé-iṣẹ́ tí ń san owó ìpamọ́ lóṣooṣù, ewu kò fìgbà kan tán. Ṣe ni ó ń ṣí láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ó yẹ láti fi wọn ọ̀nà ìpamọ́ kọ̀ọ̀kan: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà, ibo sì ni ẹ̀dà kejì wà?

2. Ìrántí, àrokò àti ìwé

Ìdáàbòbò ohun ìní àti ọ̀rọ̀ àṣírí kò ṣàjèjì sí Yorùbá kí ìwé kíkọ tó dé. Ẹni tí ó bá kó igi ìdáná jọ sí etí ọ̀nà oko a máa so ààlè mọ́ ọn: ó lè jẹ́ màrìwò, ó lè jẹ́ ṣùkù àgbàdo, ó sì lè jẹ́ àkísà. Kò sí àgádágodo níbẹ̀. Ohun tí ń ṣọ́ igi náà ni òye tí gbogbo ará oko jọ ní pé ó ní olóhun, àti ìbẹ̀rù ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àrokò ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi nǹkan dì. Ìránṣẹ́ lè gbé owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ ẹyẹ láti ìlú kan dé òmíràn láìmọ ohun tí ó ń wí. Ẹni tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ni ó ni ìtumọ̀. Ìlànà yìí kò tíì di ti àtijọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fi àmì àṣírí bo ọ̀rọ̀ kí ó tó fi lé àjèjì lọ́wọ́ láti gbé e lọ, àrokò ni ó ń pa.

Ní ti ìṣirò owó, orí ènìyàn ni àpótí àkọ́kọ́. Títí di òní, bí Yorùbá bá fẹ́ yin ẹni tí làákàyè rẹ̀ jí pépé, wọn a ní orí rẹ̀ pé bí alájọ Ṣómólú. Inú òkìkí alájọ kan tí ó ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú ní ọ̀rúndún ogún ni àfiwé náà ti jáde: wọ́n ní ó mọ iye tí oníkálukú dá láìfi ìwé yẹ̀ ẹ́ wò. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní agbára tirẹ̀, nítorí pé olè kò lè jí ohun tí ó wà nínú orí. Àléébù rẹ̀ sì hàn gbangba. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, ọjọ́ tí alájọ bá sì kú tàbí tí àìsàn mú ìrántí rẹ̀ lọ, àwọn tí ń dá owó kò ní ẹ̀rí kankan àfi ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìwé wá fi ẹ̀rí kún ìrántí. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú-irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, gba Agége kọjá. Ní àyíká rẹ̀ ni àwọn ọmọ Èkó kan, tí òwò etí òkun kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ṣọ̀mù fún mọ́, ti dá oko kòkó àti obì. Ní 1907 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Agége sílẹ̀. Aṣáájú wọn ni Jacob Kẹ́hìndé Coker, ẹni tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, tí ó tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó Ìjọ Áfíríkà. Coker jẹ́ ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà púpọ̀, tí ó sì ń tọ́jú wọn. Ó kú ní 1945. Àwọn ìwé rẹ̀ wà ní Ilé Ìkówèésí Àgbà ti Ìjọba ní Ìbàdàn, ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1954, tí òfin sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1957. Inú àwọn ìwé wọ̀nyí ni J. B. Webster àti A. G. Hopkins ti rí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ nípa oko Agége.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní ni pé ìwé Coker kò ṣègbé pẹ̀lú rẹ̀ nítorí pé ó kúrò nínú ilé ẹni tí ó kọ ọ́, ó sì bọ́ sọ́wọ́ ilé tí òfin yan iṣẹ́ ìtọ́jú fún. Èkejì ni pé ojú ẹni tí ìwé rẹ̀ kù ni ìtàn máa ń fi wo ayé. Coker nìkan kọ́ ni ó dá oko ní Agége, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni ó ròkè jù nínú ìtàn náà. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké tí kò ní àpótí tí ó dé Ìbàdàn wà nínú ìtàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní orúkọ.

3. Káńtà, dúrọ́ọ̀ àti kábọ́nù

Ní 1954, Èkó di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, Ìkẹjà sì wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba ẹkùn náà ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún ilé-iṣẹ́, ó la ọ̀nà síbẹ̀, ó fa omi àti iná mànàmáná, ó sì ké sí àwọn olówó òkèèrè àti tilé láti wá kọ́lé. Ní 1962 ni Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kọ́ lẹ́yìn Ireland àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, Ìkẹjà àti Agége bọ́ sábẹ́ rẹ̀, Ìkẹjà sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà ní 1976.

Lábẹ́ òjìji àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni àwọn kéékèèké ti hù jáde. Àwọn atẹ̀wé, àwọn ajórin, àwọn tí ń ṣe páálí àti ọ̀rá, àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, àti àwọn alábúrẹ́dì Agége tí òkìkí wọn kan gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo wọn ni ó rí oúnjẹ jẹ ní àyíká òpópónà Ọba Akran, Ọgbà àti Agége. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní akọ̀wé owó, wọ́n sì ní kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí iná kò tètè ràn. Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ dé Nàìjíríà ní 1963 fún ìṣirò ètò ìkànìyàn, ó sì pẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó kọjá ọwọ́ ìjọba, yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lówó lọ́wọ́. Ohun tí alábúrẹ́dì ní ni ìwé oníléètì, dúrọ́ọ̀ kan àti kọ́kọ́rọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ó tún ní ohun kan tí kò yẹ kí òǹkọ̀tàn fojú kéré, èyíinì ni kábọ́nù. Ìwé rìsíìtì tí wọ́n fi kábọ́nù sí abẹ́ rẹ̀ máa ń mú ẹ̀dà méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìwé àkọ́kọ́ á bá oníbàárà lọ, èkejì á kù sínú ìwé lórí káńtà. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, rìsíìtì ṣì wà nílé àwọn oníbàárà ní Ìjú, ní Muṣin àti ní Ọ̀ṣòdì. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ètò ààbò, ṣùgbọ́n ètò ààbò ni. Iye rẹ̀ kò ju owó bébà lọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì tí ọ̀kan kò lè yí tirẹ̀ padà kí èkejì má mọ̀.

Ibi tí kò ti sí ẹ̀dà kejì, ìjàǹbá kan ṣoṣo tó láti pa ohun gbogbo rẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1983, iná jó ilé gogoro tí ó jẹ́ orílé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ òkèèrè ti Nàìjíríà ní Marina, ilé tí kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí wọ́n kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá sọ ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó di odò. Ní oṣù Kẹwàá 2020, nígbà rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, iná jó ilé ẹjọ́ gíga Ìgbóṣẹ̀rẹ́, àkọsílẹ̀ ẹjọ́ sì bá a lọ. Ìjọba àti ilé-iṣẹ́ ńlá ni ìwọ̀nyí bá. Ẹni tí ó ní dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ láti retí.

4. Òtígbá: nígbà tí ìwé di ẹ̀rọ

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, òpópónà Òtígbá ní Ìkẹjà, tí ó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí di ọjà kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká dé ní 2001, ọjà náà gbilẹ̀ dé àwọn òpópónà tí ó yí i ká, títí ó fi di ibi tí àwọn oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń wá rajà. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké lè rà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ní tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí atẹ̀wé ní Ọgbà lè gbé sórí tábìlì.

Ẹ̀rọ náà yára ju ọwọ́ lọ, ó sì mọ ìṣirò ju akọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì ṣẹlẹ̀ tí àwọn tí ó rà á kò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Èkínní ni pé kábọ́nù kógbá wọlé. Gbogbo àkọsílẹ̀ wá kóra jọ sínú háàdì dísìkì kan, nínú ẹ̀rọ kan, nínú yàrá kan, níbi tí iná mànàmáná ti ń lọ, tí ó ń bọ̀, tí ó sì ń wọlé lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára tí ó lè jó ẹ̀rọ. Ní ìwọ̀n yìí, ilé-iṣẹ́ náà ti padà sí ipò alájọ: ẹ̀dà kan, orí kan. Àìsàn tirẹ̀ náà sì wà, èyíinì ni kòkòrò àrùn inú kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Karùn-ún 2017, irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n pè ní WannaCry ti ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ pa káàkiri ayé, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olóhun.

Èkejì ni pé ohun tí wọ́n rò pé àwọn ti pa rẹ́ kò parẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá ní kí kọ̀ǹpútà pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́, ohun tí ẹ̀rọ náà sábà máa ń ṣe ni pé yóò yọ orúkọ àkọsílẹ̀ náà kúrò nínú àtòjọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí òmíràn yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ya ojú ìwé àkóónú kúrò nínú ìwé tí ó sì rò pé òun ti sun ìwé náà níná. Ní 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní Èkó lórí ẹ̀rọ àlòkù. Ìdíyelé tí ó gbé jáde ni pé nǹkan bí 500 kọntéńà irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ó ń gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣooṣù, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ pàǹtírí. Àjọ náà kó háàdì dísìkì díẹ̀ jọ, ó yẹ inú wọn wò, ó sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tí ó ti lò wọ́n ní òkè òkun níbẹ̀.

Ìwádìí yìí ṣe pàtàkì fún ìtàn ìpamọ́ ìwé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ní olùṣọ́, òfin àti owó ni ó fi àṣírí wọn ránṣẹ́ sí Èkó láìmọ̀. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí wọn, ilé-iṣẹ́ kékeré ní Ìkẹjà tí ó ta kọ̀ǹpútà ògbólógbòó rẹ̀ fún aláàtúnṣe láìfọ inú rẹ̀ mọ́ ti ta orúkọ àti gbèsè oníbàárà rẹ̀ mọ́ ọn.

5. Ìkùukùu tí ó ní ilé

Ní 2006 ni ilé-iṣẹ́ Amazon ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi àyè ìpamọ́ àti agbára kọ̀ǹpútà háyà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lè sanwó. Microsoft àti Google tẹ̀lé e. Kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó lè wúlò ní Ìkẹjà, ọ̀nà ní láti wà. Okùn ìbánisọ̀rọ̀ SAT-3 ti wà lábẹ́ òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. MainOne àti Glo-1 dé ní 2010, WACS bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, Equiano sì gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022. Bí okùn ti ń pọ̀ sí i ni íntánẹ́ẹ̀tì ń yára sí i. Nígbà tí ìjọba sé Èkó mọ́lé ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020 nítorí àrùn Kòrónà, oníṣòwò tí ìwé rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kò lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lórí cloud lè jókòó sílé kí ó sì mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó.

Orúkọ náà ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Àkọsílẹ̀ tí ó wà lórí cloud kò sí ní òfuurufú. Inú ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti irin kọ́ ni ó wà, ilé tí ẹ̀rọ kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí jẹnẹrétọ̀ sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ de ìgbà tí iná bá lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òkè òkun ni irú ilé bẹ́ẹ̀ wà jù. Microsoft ṣí tirẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 2019, Amazon ní 2020, Google ní 2024. Ní Èkó, Rack Centre bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Orẹ́gùn, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, ní 2013. Amazon gbé ẹ̀ka kékeré kan wá sí Èkó ní 2023, MTN sì ṣí ilé tirẹ̀ ní Ìkẹjà ní 2025. Báyìí ni ilẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn là fún ọtí, táyà àti aṣọ ṣe di ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ lé lórí.

Ó yẹ kí a fún ọ̀nà yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ alábúrẹ́dì kò lè gba ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa jí lóru, kò lè ra ẹ̀rọ mẹ́ta kí ó lè ní ẹ̀dà mẹ́ta, kò sì lè gba onímọ̀ tí yóò máa dí ihò tí àwọn olè ń gbà wọlé. Bí àwọn ẹgbẹ̀rún oníṣòwò bá pa owó pọ̀ lọ́dọ̀ ẹnìkan, oníkálukú lè rí ìdá tirẹ̀ nínú gbogbo ìwọ̀nyí gbà. Èésú ni, àfi pé olórí èésú náà kì í gbé àdúgbò.

6. Ibi tí ewu ṣí lọ

Ewu mẹ́rin ni ó bá ìwé lọ sí ilé rẹ̀ tuntun. Ti àkọ́kọ́ ni kọ́kọ́rọ́. Ìlànà tí àwọn oní-cloud fi ń ṣiṣẹ́ ni pé àwọn ni yóò ṣọ́ ilé àti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n oníbàárà ni yóò ṣọ́ ẹni tí ó ń wọlé. Ní oṣù Kẹfà 2014, ẹnìkan tí kò ní ẹ̀tọ́ wọ inú àyè tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Code Spaces háyà lọ́dọ̀ Amazon. Ó béèrè owó. Nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti lé e jáde, ó pa àkọsílẹ̀ wọn àti ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́ rẹ́. Abẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan náà ni ẹ̀dà náà wà. Láàrin wákàtí 12, ilé-iṣẹ́ náà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, ó sì kógbá wọlé. Ilé Amazon kò jó, ògiri rẹ̀ kò sì wó.

Ní Ìkẹjà àti Agége, ìhà mìíràn wà sí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí. Láyé àtijọ́, oníṣòwò tí kò mọ̀wé a máa fi ara rẹ̀ sọ́wọ́ akọ̀wé. Bí akọ̀wé bá bínú lọ, ìwé ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹlòmíràn lè wá kà á. Lóde òní, bí ọ̀gá bá ní kí ọ̀dọ́mọdé tí ó mọ kọ̀ǹpútà ṣí àyè lórí cloud, tí ọmọ náà sì fi àdírẹ́sì íméèlì ara rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ ṣí i, ọmọ náà ni olóhun lójú ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé ogún ọdún lè bá a lọ láìjẹ́ pé ó jalè.

Ewu kejì ni ilé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 2021, iná jó ilé àkọsílẹ̀ OVH ní Strasbourg, ilẹ̀ Faransé. Àwọn oníbàárà kan pàdánù ohun gbogbo nítorí pé ọgbà kan náà ni ìwé wọn àti ẹ̀dà rẹ̀ jọ wà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Marina ní 1983 lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ orúkọ tuntun.

Ewu kẹta ni ọ̀nà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn mẹ́rin já tàbí bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan lẹ́ẹ̀kan náà: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò rí ọ̀nà dé ibi tí iṣẹ́ wọn wà. Ìwé wọn wà ní pípé, kò sí ẹni tí ó jí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tó o. Àwọn tí ọ̀nà wọn gba orí Glo-1 tàbí Equiano rí ibi yà sí.

Ewu kẹrin ni owó, òun ni ó sì rọrùn jù láti gbàgbé. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ oní-cloud fi ń dá iye. Ní oṣù Kẹfà 2023, kí báǹkì àpapọ̀ tó tú okùn lọ́rùn náírà, dọ́là kan kò ju nǹkan bí ₦470 lọ ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Iṣẹ́ tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 20 lóṣù ti ti ₦9,400 di ₦30,000 láìjẹ́ pé ẹni tí ń tà á fi kọ́bọ̀ kan lé e. Dúrọ́ọ̀ kì í lé ìwé jáde nítorí pé olówó rẹ̀ kò rí owó oṣù yìí san. Cloud a máa fúnni ní gbèdéke, lẹ́yìn gbèdéke, a sì pa ìwé rẹ́. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ilé tuntun inú Èkó fi ń fi náírà dá iye ni èyí.

Òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ìwé lọ sí ibi tí ó lọ. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọwọ́ sí ẹ̀tọ́ ènìyàn sí àṣírí rẹ̀. Ìlànà lórí ìdáàbòbò dátà jáde ní 2019, òfin rẹ̀ gan-an sì di mímúṣẹ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2023. Lábẹ́ òfin yìí, bí àṣírí àwọn ènìyàn bá tú lọ́nà tí ó lè pa wọ́n lára, ẹni tí àkọsílẹ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ní láti fi tó àjọ tí ó ń bójú tó o létí láàrin wákàtí 72. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí ó rú òfin lè san ₦2 mílíọ̀nù tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún un lọ́dún, èyí tí ó bá pọ̀ jù. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé òfin kò gbà pé ẹni tí ó gbé ìwé fún ẹlòmíràn ṣọ́ ti gbé ẹ̀bi fún un pẹ̀lú. Orúkọ oníbàárà tí alábúrẹ́dì kọ sílẹ̀ ṣì wà ní ọrùn alábúrẹ́dì.

7. Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá to gbogbo ìpele wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, àpẹẹrẹ kan ń jẹ yọ. Orí alájọ kò ṣeé jí, ṣùgbọ́n ó lè kú. Ìwé lè jó, ṣùgbọ́n kábọ́nù ti fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé ẹlòmíràn. Kọ̀ǹpútà yára, ṣùgbọ́n ó gba kábọ́nù kúrò. Cloud dá ẹ̀dà púpọ̀ padà, ṣùgbọ́n ó fi gbogbo wọn sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan, ọ̀nà kan àti owó oṣù kan. Kò sí ìpele kan nínú wọn tí ó burú tán, kò sì sí èyí tí ó mú ewu kúrò. Àwọn tí ìwé wọn là á já ni àwọn tí ẹ̀dà wọn wà ní ilé méjì tí kò sí lábẹ́ ọwọ́ ènìyàn kan.

Ohun tí èyí ń béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kò le. Kí orúkọ tí wọ́n fi ṣí àyè jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, kí ó má jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Kí ó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwọlé nìkan ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn, kí òǹkà tí ń wá sórí fóònù ọ̀gá máa kín in lẹ́yìn. Kí ẹ̀dà kan máa wà nínú dísìkì tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ní ilé mìíràn, kí wọ́n sì máa dán an wò bóyá ó ṣì ṣeé kà. Kí wọ́n fọ inú kọ̀ǹpútà mọ́ kí ó tó dé Òtígbá. Ọgbọ́n kábọ́nù náà ni gbogbo èyí. Aṣọ rẹ̀ ni ó yí padà.

Fún àwọn onítàn, ọ̀ràn náà tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé Coker wà ní Ìbàdàn nítorí pé bébà lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san owó oṣù fún un. Ìwé alábúrẹ́dì Agége ti òde òní kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ọdún tí òwò bá kú ni owó cloud yóò dúró, ìwé náà yóò sì parẹ́ láìsí eérú tí ènìyàn lè tún. Bí nǹkan bá rí bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí yóò kọ ìtàn Ìkẹjà àti Agége ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i yóò rí ìwé ilé-iṣẹ́ ńlá, yóò rí ti ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké yóò tún di ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní orúkọ. Ilé Ìkówèésí Àgbà àti àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì ni ó kù tí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, tí kọ́kọ́rọ́ sì ṣì wà lọ́wọ́ wọn.